Kọ̀ǹpútà àtijọ́ fún ilé ẹ̀kọ́: Linux tó fúyẹ́ wo ni wọ́n lè gbé?

Olùkọ́_Ìsẹ́yìn

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní agbègbè Ìsẹ́yìn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ kó kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ jọ fún wa: láptọ́ọ̀pù kéékèèké mẹ́jọ àti kọ̀ǹpútà orí tábìlì mẹ́rin. Windows 7 ló wà lórí gbogbo wọn. Tí a bá tan ọ̀kan, ìdajì àkókò ẹ̀kọ́ á ti lọ kó tó ṣe tán. Tí ọmọ kan bá sì ki fláàṣì bọ̀ ọ́, fáírọ́ọ̀sì á wọ̀ ọ́, gbogbo fódà á di shortcut.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ fi ṣe kò pọ̀: kí wọ́n kọ́ bí a ṣe ń tẹ̀wé, kí wọ́n kọ lẹ́tà, kí wọ́n ṣe ìṣirò díẹ̀ lórí spreadsheet, kí àwọn SS3 sì fi múra sílẹ̀ fún JAMB. Íntánẹ́ẹ̀tì kò sí ní ilé ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí dátà orí fóònù mi. Iná ń lọ, iná ń bọ̀. Owó tó wà nílẹ̀ kò lè ra kọ̀ǹpútà tuntun kan ṣoṣo.

Mo gbọ́ pé àwọn Linux kan wà, ìyẹn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, tó fúyẹ́, tó sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Èwo ni kí n mú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé mi dáadáa, nítorí n kò fọwọ́ kan Linux rí.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, sà. Kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ Linux kankan fún yín, ẹ kọ́kọ́ sọ nǹkan méjì fún wa: orúkọ processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) àti iye RAM (ibi tí iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́ máa ń wà). Ẹ tẹ bọ́tìnì ọ̀tún lórí "Computer", kí ẹ mú Properties. Ẹ da ohun tí wọ́n kọ síwájú Processor àti Installed memory kọ síbí.

Ibi tí wọ́n kọ "System type" sí lè ṣì yín lọ́nà. Tó bá sọ pé 32-bit (irú ti àtijọ́; 64-bit ni ti ìgbàlódé), Windows tó wà lórí rẹ̀ ló ń sọ. Processor fúnra rẹ̀ lè jẹ́ 64-bit lábẹ́ Windows 32-bit.

Bàbá_Puppy

Puppy Linux ni, olùkọ́. Barry Kauler ní Australia ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2003, irú kọ̀ǹpútà tí ẹ ní lọ́wọ́ yìí gan-an ló sì bá mu. Ẹ ó fi sórí fláàṣì, ẹ ó fi fláàṣì náà tan kọ̀ǹpútà, yóò sì kó ara rẹ̀ wọ inú RAM. Láti ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tó fi ń yára. Kódà kí hard disk ti kú pátápátá, kọ̀ǹpútà náà á ṣì wúlò. Mo ní èyí tí kò ní hard disk nínú mọ́, òun ni ìyàwó mi fi ń kọ ìwé ọjà rẹ̀ títí di òní.

AbiWord fún lẹ́tà, Gnumeric fún ìṣirò, méjèèjì fúyẹ́. Ẹ wá BookwormPup32 tí processor bá jẹ́ 32-bit. Ara àwọn ohun èlò Debian 12, Linux ńlá kan tí ọ̀pọ̀ Linux mìíràn dúró lé, ni wọ́n ti kọ́ ọ.

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́

Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ Puppy fún ilé ẹ̀kọ́. Fún ẹnì kan nínú ilé, ó dára. Àmọ́ root, ìyẹn oníṣe tó ní gbogbo àṣẹ, ni Puppy fi ń wọlé fún gbogbo ẹni tó bá tan kọ̀ǹpútà. Ẹ fojú inú wo kíláàsì ogójì ọmọ tí gbogbo wọn ní àṣẹ láti pa ohunkóhun rẹ́.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ iná. Nítorí pé inú RAM ni iṣẹ́ wà, tí Puppy bá wà lórí fláàṣì, ó máa ń dúró di àkókò kan, tàbí di ìgbà tí a bá fẹ́ paá, kó tó kó iṣẹ́ pamọ́. Tí NẸ́PÀ bá mú iná lọ láàárín méjì, tí bátìrì láptọ́ọ̀pù náà sì ti kú, iṣẹ́ ọmọ ti lọ nìyẹn.

antiX ni kí ẹ wò, sà. Debian ló dúró lé, kò lo systemd (ètò tó ń tan àwọn iṣẹ́ abẹ́nú), IceWM ló sì fi ń ṣe ojú rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe é ní 512MB RAM tó fún un. antiX 23, tó jáde ní oṣù kẹjọ 2023, ní ẹ̀yà 32-bit àti 64-bit. Ẹ lè ṣí àkáǹtì kan fún akẹ́kọ̀ọ́ láìsí àṣẹ púpọ̀, kí ẹ wá mú ti olùkọ́ lọ́tọ̀.

Bàbá_Puppy

Ọmọ mi, òótọ́ wà nínú ohun tí o sọ nípa root. Ṣùgbọ́n ti iná yẹn ní ọ̀nà. Tí wọ́n bá ti ń kó iṣẹ́ wọn sí /mnt/home, orí disk ló ń lọ tààrà, kò dúró sínú RAM. Browser náà sì wà lábẹ́ oníṣe kan tí wọ́n ń pè ní spot, kì í ṣe root.

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ ṣé, bàbá. Ṣùgbọ́n ọmọ JSS1 tó ń rí kọ̀ǹpútà fún ìgbà àkọ́kọ́ kò ní rántí /mnt/home. Ibi tó bá ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀ ló máa kó iṣẹ́ sí.

Rọrùn4Real

Kí ló dé tí ẹ ń yọ ara yín lẹ́nu? ChromeOS Flex ni kí ẹ fi sí i. Google ló ṣe é, ọ̀fẹ́ ni, ó sì rọrùn bíi fóònù.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe

@Rọrùn4Real, ChromeOS Flex ń béèrè 4GB RAM àti processor 64-bit. Wọ́n sì kọ́ ọ lórí pé íntánẹ́ẹ̀tì á máa wà. Olùkọ́ ti sọ pé dátà orí fóònù òun ni gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ń wò.

Olùkọ́_Ìsẹ́yìn

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ènìyàn mi. Mo ti wò wọ́n. Láptọ́ọ̀pù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ: Intel Atom N270, RAM 1GB. Ti orí tábìlì: Core 2 Duo, RAM 2GB. Mo tún ṣàkíyèsí pé méjì nínú ti orí tábìlì máa ń sọ pé ọdún 2009 la wà nígbàkígbà tí a bá tan wọ́n. Ṣé ìyẹn ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí?

Atúnkọ̀ǹpútàṣe

Ó dáa, ọ̀rọ̀ ti wá yanjú sí oríṣi kọ̀ǹpútà méjì, ìdáhùn wọn kò sì ní jẹ́ ọ̀kan náà.

Atom N270 jẹ́ 32-bit nìkan. 2008 ló jáde. Kò sí bí ẹ ṣe lè fi Linux 64-bit sórí rẹ̀. Èyí sì ṣe pàtàkì ju bó ti rí lójú lọ, nítorí gbogbo ayé ló ń kúrò lórí 32-bit. Lubuntu, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì máa ń dárúkọ fún kọ̀ǹpútà àtijọ́, ti jáwọ́ nínú rẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Debian 13, tó jáde ní oṣù kẹjọ 2025, kò ní ohun tí a lè fi gbé e sórí kọ̀ǹpútà 32-bit mọ́. Google Chrome ti pa ti Linux 32-bit tì láti 2016. Firefox náà tẹ̀ lé e: ẹ̀yà 144 ni ó kẹ́yìn fún Linux 32-bit. Firefox ESR 140 (ẹ̀yà tí wọ́n máa ń tọ́jú pẹ́) tí Debian 12 ń lò ni Mozilla, àwọn tó ń ṣe Firefox, ṣì ń bá wọn tọ́jú, ó kéré tán títí di oṣù kẹsàn-án 2026.

Tí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún yín pé "Linux tuntun èyíkéyìí ṣáà ni", ẹ má dá a lóhùn. Ohun tó dúró lórí Debian 12 ni kí ẹ wá fún láptọ́ọ̀pù wọ̀nyẹn. Àwọn Debian yóò máa tọ́jú Debian 12 títí di oṣù kẹfà 2028. Mo fara mọ́ antiX 23 tí Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́ sọ, ẹ̀yà 32-bit.

Core 2 Duo yàtọ̀. 64-bit ni, ẹ lè fi antiX 64-bit tàbí Debian pẹ̀lú Xfce (ojú kọ̀ǹpútà tó fúyẹ́) sórí rẹ̀.

Wàyí o, ohun tí àwọn ènìyàn kì í sọ: Linux kọ́ ló máa ń jẹ RAM tán lórí irú kọ̀ǹpútà yìí, browser ni. antiX á tàn, á fi èyí tó pọ̀ jù nínú 1GB yín sílẹ̀. Ẹ ṣí Firefox, kí ẹ lọ sí ojúlé méjì mẹ́ta tó kún fún fídíò àti ìpolówó, RAM ti tán nìyẹn, kọ̀ǹpútà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó iṣẹ́ lọ sórí hard disk, gbogbo nǹkan á dì. Kí ẹ fi N270 wo YouTube dà bí kí a fi kẹ̀kẹ́ ológeere gbé àpò sìmẹ́ńtì. Ẹ jẹ́ kí láptọ́ọ̀pù jẹ́ ti títẹ̀wé, ìṣirò àti ìwé kíkà. Ohun tó bá fẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ gbé e lọ sórí Core 2 Duo.

Kí ẹ tó pa Windows rẹ́, ẹ fi fláàṣì tan antiX láìfi í sórí disk, kí ẹ dán ohùn, Wi-Fi, bọ́tìnì àti ojú kọ̀ǹpútà wò. Tí gbogbo rẹ̀ bá ṣiṣẹ́, ẹ wá gbé e wọlé. Rufus ni ẹ ó fi kọ ọ́ sórí fláàṣì láti inú Windows.

Ìyá_Bísínẹ́ẹ̀sì_Sẹ́ńtà

Olùkọ́, ẹ kú làálàá. Ọ̀rọ̀ ọdún 2009 yẹn, ó ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀ gidi gan-an. Bátìrì kékeré tó rí bíi kọ́ìnì lórí mọ́tábọ̀dù ló ti kú. CR2032 ni orúkọ rẹ̀, òun náà ni wọ́n ń lò nínú àwọn òṣùwọ̀n kan, kò wọ́n. Tí ọjọ́ kọ̀ǹpútà bá ti lọ sẹ́yìn, browser yóò kọ̀ láti ṣí ojúlé, á máa sọ pé kò dáa, pé ẹnìkan ń gbìyànjú láti jalè. Àwọn ènìyàn á rò pé Linux ló bàjẹ́. Ẹ pààrọ̀ bátìrì náà kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Mo ń tajà títẹ̀wé, irú kọ̀ǹpútà àtijọ́ bẹ́ẹ̀ ló kún ṣọ́ọ̀bù mi. Ibi tí mo ti yapa sí àwọn ọkùnrin yìí ni pé ẹ̀ ń sọ ti Linux nìkan. Ẹ fi RAM kún un! Láptọ́ọ̀pù N270 máa ń gba 2GB, ihò kan ṣoṣo ló sì sábà máa ń ní, nítorí náà ẹ ó yọ 1GB náà kúrò, ẹ ó fi 2GB rọ́pò. DDR2 ti láptọ́ọ̀pù ni. Tí ẹ bá rán ènìyàn lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, ẹ kọ "DDR2 láptọ́ọ̀pù" sórí ìwé fún un, nítorí DDR3 kò ní wọ inú ihò náà.

Lẹ́yìn RAM, ẹ fi SSD kékeré (disk tó yára ju hard disk lọ) sí ti orí tábìlì, ó kéré tán ọ̀kan. Ìyàtọ̀ náà pọ̀ ju èyí tí Linux kankan lè mú wá lọ. Ẹ tú wọn, kí ẹ fẹ́ eruku inú fáànù wọn kúrò. Kọ̀ǹpútà tó bá ń gbóná máa ń dín iyára ara rẹ̀ kù.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe

Ìyá wa sọ òótọ́. Àtúnṣe kékeré kan: ìlànà Linux kọ́kọ́, owó tẹ̀ lé e. Láptọ́ọ̀pù mẹ́jọ, RAM mẹ́jọ, owó gidi nìyẹn fún ilé ẹ̀kọ́. Lórí àwọn tó bá ní 1GB, ẹ lo zram. Ohun tó ń ṣe ni pé ó máa ń fún ohun tó wà nínú RAM pọ̀ kó lè gba púpọ̀ sí i, dípò kó sáré gbé e lọ sórí hard disk. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Ìyá_Bísínẹ́ẹ̀sì_Sẹ́ńtà

Zram ń jẹ agbára processor láti fún nǹkan pọ̀, N270 kò sì lágbára. Ẹ dán an wò lórí ọ̀kan, kí ẹ fi ojú ara yín wò ó kí ẹ tó ṣe é fún gbogbo wọn. Owó RAM tòkunbọ̀ kò tó bí ẹ ṣe ń rò.

Ará_Manchester

Ẹ kú àṣálẹ́ o. Èmi náà máa ń kó kọ̀ǹpútà àtijọ́ ránṣẹ́ sílé láti ibí, nítorí náà mo ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ yìí. Ó dùn mí pé ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kan JAMB tí olùkọ́ béèrè.

Púpọ̀ nínú àwọn ètò ìdánrawò CBT tí wọ́n ń tà ní ọjà jẹ́ ti Windows. Lórí Linux, Wine (ètò tó ń jẹ́ kí ti Windows ṣiṣẹ́ níbẹ̀) lè tan àwọn kan, kì í ṣe gbogbo wọn. Èyí tó bá ní kọ́ọ̀dù ìforúkọsílẹ̀ tó so mọ́ kọ̀ǹpútà kan pàtó máa ń ṣòro jù. Ẹ dán an wò lórí fláàṣì kí ẹ tó pa Windows rẹ́. Tí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ fi ọ̀kan nínú ti orí tábìlì sílẹ̀ lórí Windows, kí ẹ má so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì láé, nítorí Microsoft ti jáwọ́ nínú Windows 7 láti oṣù kìíní 2020.

Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ nílò fún CBT ju ìbéèrè lọ. JAMB fún wọn láyè láti fi bọ́tìnì mẹ́jọ péré ṣe ìdánwò: A, B, C, D fún ìdáhùn, N fún ìbéèrè tó kàn, P fún èyí tó kọjá, S láti fi ránṣẹ́, R láti padà. Kò pọn dandan kí ọmọ mọ mouse. Ọmọ tó bá mọ ibi tí ìka rẹ̀ wà lórí bọ́tìnì kò ní fi ojú wá lẹ́tà lọ́jọ́ ìdánwò. Klavaro wà nínú Debian, ó ń kọ́ ènìyàn ní títẹ̀wé, N270 gbé e dáadáa. Fún àwọn kékeré, Tux Typing.

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́

Mo fẹ́ sọ bí olùkọ́ ò ṣe ní jẹ dátà rẹ̀ tán, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ti ń fi Linux sílẹ̀.

Ẹ má ṣe gbé antiX sórí kọ̀ǹpútà méjìlá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún ọ̀kan ṣe dé ibi tó tẹ́ yín lọ́rùn: LibreOffice tàbí AbiWord, Klavaro, àkáǹtì akẹ́kọ̀ọ́, gbogbo rẹ̀. antiX ní irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ iso-snapshot. Yóò sọ kọ̀ǹpútà tí ẹ ti tún ṣe náà di ISO (fáìlì kan tó kó gbogbo rẹ̀ jọ), ẹ ó kọ ISO náà sórí fláàṣì, òun ni ẹ ó wá fi sórí àwọn tó kù. Dátà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ ná.

Fún àtúnṣe ìgbà dé ìgbà, ẹ fi apt-cacher-ng sórí ọ̀kan nínú àwọn Core 2 Duo, kí ẹ so gbogbo wọn pọ̀ mọ́ router kan, kódà kí router náà má ní íntánẹ́ẹ̀tì ti ara rẹ̀. Tí kọ̀ǹpútà kan bá ti gba àtúnṣe kan wálẹ̀ nípasẹ̀ rẹ̀, àwọn yòókù á gbà á láti ibẹ̀ láìná dátà. Nínú /etc/apt/apt.conf.d/ lórí àwọn tó kù, ẹ ṣẹ̀dá fáìlì kan, kí ẹ kọ ìlà kan ṣoṣo sínú rẹ̀:

`Acquire::http::Proxy "http://192.168.1.10:3142";`

Ẹ fi àdírẹ́ẹ̀sì kọ̀ǹpútà yín rọ́pò 192.168.1.10.

Orí kọ̀ǹpútà yẹn náà ni kí ẹ fi kiwix-serve sí. Ẹ gba Wikipedia wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ibi tí Wi-Fi wà, ti Yorùbá wà níbẹ̀, kò tóbi, kí àwọn ọmọ máa kà á lórí láptọ́ọ̀pù wọn láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.

Èrò mi ni pé kí ẹ lo 32-bit fún gbogbo wọn, kí snapshot kan lè tó.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe

Gbogbo rẹ̀ ni mo fọwọ́ sí àyàfi gbólóhùn ìkẹyìn. Core 2 Duo ló máa wọ íntánẹ́ẹ̀tì, Firefox 32-bit ló sì ń lọ sópin. Snapshot méjì ni kó jẹ́. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ló fi pọ̀ sí i, ẹ ò sì ní tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀.

Olùkọ́_Ìsẹ́yìn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Inú mi dùn gan-an. A ti pààrọ̀ bátìrì méjèèjì. antiX 32-bit ti wà lórí láptọ́ọ̀pù mẹ́jọ láti ara snapshot kan, 64-bit wà lórí mẹ́ta nínú ti orí tábìlì. Ètò CBT tí a ní kò ṣiṣẹ́ lábẹ́ Wine, nítorí náà mo fi ẹ̀kẹrin sílẹ̀ lórí Windows láìsí íntánẹ́ẹ̀tì gẹ́gẹ́ bí Ará_Manchester ṣe sọ. Láptọ́ọ̀pù ń tàn kí n tó pe orúkọ àwọn ọmọ tán. Fáírọ́ọ̀sì shortcut inú fláàṣì wọn kò lè ṣe nǹkan kan fún wa mọ́. À ń rí i, à ń pa á rẹ́.

Ó ku ọ̀kan. Olùkọ́ Yorùbá wa fẹ́ kí wọ́n máa fi àmì ohùn tẹ àròkọ. Báwo la ṣe ń ṣe é?

Bàbá_Puppy

Ó wà nínú Linux tẹ́lẹ̀, olùkọ́, kò sí ohun tí ẹ ó gbà wálẹ̀. Ẹ ṣí terminal (ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ), kí ẹ tẹ èyí:

`setxkbmap -layout us,ng -variant ,yoruba -option grp:alt_shift_toggle`

Alt àti Shift pa pọ̀ ni ẹ ó fi máa bọ́ sórí bọ́tìnì Yorùbá, òun náà ni ẹ ó fi padà. Kó lè máa ṣe é fúnra rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ẹ kọ ìlà yẹn sínú ~/.desktop-session/startup lórí antiX.

Ará_Manchester

Èmi gbádùn Compose jù, ìyẹn kí a tẹ bọ́tìnì mélòó kan tẹ̀ léra wọn kí wọ́n di lẹ́tà kan. Ẹ fi `setxkbmap -option compose:ralt` sí i: Alt ọ̀tún, lẹ́yìn náà !, lẹ́yìn náà e, yóò fún yín ní ẹ. Bákan náà ni ọ àti ṣ. Àmì ohùn lórí á pẹ̀lú rọrùn: Alt ọ̀tún, ', a. Ẹ́ àti ọ̀ ló ṣòro díẹ̀, nítorí kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo fún wọn. Nínú LibreOffice, ẹ tẹ ẹ, ẹ tẹ 0301 tẹ̀ lé e, kí ẹ wá tẹ Alt+X, àmì òkè á gun orí rẹ̀. 0300 ni ti ìsàlẹ̀.

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́

Bàbá, tó bá wà nínú ~/.desktop-session, oníṣe kan ṣoṣo ló máa rí i, tí olùkọ́ bá sì ṣe snapshot tó pa àkáǹtì rẹ́, ó ti lọ. Inú /etc/default/keyboard ló yẹ kó wà, kí gbogbo àkáǹtì lè rí i:

`XKBLAYOUT="us,ng"`
`XKBVARIANT=",yoruba"`
`XKBOPTIONS="grp:alt_shift_toggle,compose:ralt"`

Bẹ́ẹ̀ ni ti Bàbá àti ti Ará_Manchester á jọ máa ṣiṣẹ́. Ẹ kọ ọ́ sórí ọ̀kan, ẹ paá, ẹ tún un tan, kí olùkọ́ Yorùbá fi tẹ ìpínrọ̀ kan. Tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí ẹ wá ṣe snapshot tuntun.